Òfin Baálé àti Káàdì Alájọ: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Fẹ́ So Ọgbọ́n Kọ̀ǹpútà Méjì Pọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí àlejò kan bá wọ agbo ilé yín tí ó sì béèrè pé, "Ṣé ọmọ ilé yìí ni Àdùkẹ́?" baálé kò ní lọ wo ìwé kankan kí ó tó dáhùn. Yóò ní, "Ẹni tí a bí bàbá rẹ̀ sí ilé yìí, ọmọ ilé yìí ni. Ilé yìí ni a bí bàbá Àdùkẹ́ sí. Nítorí náà ọmọ wa ni." Òfin kan ni ó fi dáhùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí ó dájú, ó sì fi ìrònú so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àlejò náà bá tún béèrè pé, "Èló ni Àdùkẹ́ ti dá sọ́wọ́ alájọ?" òfin baálé kò wúlò mọ́. Àfi kí a ránṣẹ́ sí alájọ kí ó wo káàdì Àdùkẹ́. Iye tí ó wà lórí káàdì náà lánàá kọ́ ni ó wà níbẹ̀ lónìí, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó gbọ́dọ̀ fi kálámù kàn án bí kò ṣe alájọ fúnra rẹ̀.

Òfin baálé kì í yí padà. Káàdì alájọ kì í dúró lójú kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń ṣe èdè fún kọ̀ǹpútà ti ń gbìyànjú láti kó ìmọ̀ méjèèjì yìí sínú èdè kan ṣoṣo. Ìtàn ìgbìyànjú náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ó gba Oslo kọjá, ó gba Marseille àti Lọ́ńdọ̀nù, ó dé Tokyo, níbi tí wọ́n ti ná owó ńlá sí i. Ohun tí ó sì dí wọn lọ́wọ́, ní èrò tèmi, kì í ṣe ohun tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò.

Ẹ jẹ́ kí á ti ọ̀dọ̀ káàdì alájọ bẹ̀rẹ̀. Ní Oslo, olú-ìlú Nọ́wè, àwọn ọkùnrin méjì kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣirò kọ̀ǹpútà ti orílẹ̀-èdè náà. Ole-Johan Dahl ni orúkọ ọ̀kan, Kristen Nygaard sì ni èkejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń wá bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe lè sín iṣẹ́ ayé jẹ: bí ọkọ̀ ṣe ń tò sí èbúté, bí ẹrù ṣe ń ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, bí ènìyàn ṣe ń dúró lórí ìlà. Wọ́n rí i pé ó sàn kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun kan lọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kí ó máa gbé ẹrù rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ dání fúnra rẹ̀. Èdè wọn, Simula 67, ni ó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yìí hàn ní pípé. Object ni àwọn òyìnbó ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá ni èmi yóò máa pè é títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi parí. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ìran tí ó ti wá, ìran kan sì lè jẹ́ ọmọ ìran mìíràn, kí ó jogún gbogbo ìwà rẹ̀ kí ó sì fi tirẹ̀ kún un. Ọkọ̀ tí ń gbé epo jẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí ọkọ̀ ojú omi lè ṣe, òun náà lè ṣe é, ó wá ku ti epo.

Láti Nọ́wè ọgbọ́n náà dé Amẹ́ríkà. Ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto ni Alan Kay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Dan Ingalls àti Adele Goldberg pẹ̀lú wọn, ti ṣe èdè Smalltalk láti 1972 lọ. Nínú Smalltalk, ẹ̀dá kan kò gbọ́dọ̀ wo inú ẹ̀dá kejì. Kí ó ránṣẹ́ sí i ni. Ọmọlúwàbí kì í ṣí ìyẹ̀wù onílé láti mọ ohun tí ó wà nínú ìṣà; yóò kan ilẹ̀kùn, yóò jíṣẹ́, yóò sì dúró de èsì. Bí onílé bá ti ṣe ń to ìyẹ̀wù rẹ̀, ọ̀ràn tirẹ̀ nìyẹn. Dahl àti Nygaard gba ẹ̀bùn Turing ti 2001, èyí tí kò sí ẹ̀bùn tí ó jù ú lọ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwọn méjèèjì sì kú ní 2002, èkínní ní oṣù kẹfà, èkejì ní oṣù kẹjọ.

Òfin baálé, ibòmíràn ni ó ti jáde. Ẹ mọ̀ pé ìmọ̀ kan wà tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń ti inú ọ̀rọ̀ mìíràn jáde láìsí ẹ̀tàn; lójíìkì ni wọ́n ń pè é, ó sì ti pẹ́ láyé ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní 1965, J. A. Robinson tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ìlànà kan ṣoṣo tó fún ẹ̀rọ láti fi ro irú ìrònú bẹ́ẹ̀. Ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé, Alain Colmerauer ń wá bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ èdè Faransé, kí ènìyàn bi í ní ìbéèrè kí ó sì fèsì. Robert Kowalski, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Edinburgh ní Skọ́tíláǹdì, lọ bá a níbẹ̀ ní 1971. Nígbà tí ó di 1972, Colmerauer àti Philippe Roussel ti ṣe èdè tí wọ́n ń pè ní Prolog. Ìyàwó Roussel ni ó dábàá orúkọ náà.

Mo máa ń fi Prolog han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, nítorí pé ó rọrùn láti kà. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó dájú sílẹ̀: Òjó ni bàbá Àlàbí, Àlàbí ni bàbá Àkànní. Ẹ ó kọ òfin kan tẹ̀ lé e: ẹnikẹ́ni ni bàbá àgbà ọmọ kan bí ó bá jẹ́ bàbá fún bàbá ọmọ náà. Kò tán síbẹ̀. Bí ẹ bá béèrè ẹni tí í ṣe bàbá àgbà Àkànní, ẹ̀rọ yóò ní Òjó ni. Bí ẹ bá yí ìbéèrè po, tí ẹ ní ta ni ọmọ-ọmọ Òjó, òfin kan náà ni yóò fi dá yín lóhùn pé Àkànní ni. Ẹ kò sọ ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò gbà fún un. Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nìkan ni ẹ sọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wá ọ̀nà. Bí ọ̀nà kan bá dí mọ́ ọn lójú, yóò padà sẹ́yìn dé oríta, yóò gbàgbé gbogbo ohun tí ó ti rò láti oríta náà wá, yóò sì gba ọ̀nà mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ tí ń wá ojú ọ̀nà nínú igbó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pípadà sẹ́yìn yìí sọ́kàn, torí òun ni yóò dá wàhálà sílẹ̀.

Ní nǹkan bí 1980, Kowalski gbé Prolog lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní Wimbledon, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi kọ́ wọn láti máa to ìrònú wọn. Bí olùkọ́, mo jowú àwọn ọmọ náà díẹ̀.

Bí a bá wá fẹ́ kí Prolog ní ìran àti ogún bíi ti Simula, ṣé ó le? Kò le rárá. Ogún fúnra rẹ̀, òfin ni: ìwà tí ó bá jẹ́ ti ìran, ó jẹ́ ti ọmọ ìran náà. Ní 1984, Carlo Zaniolo fi hàn ní àpérò kan ní Amẹ́ríkà pé ìlà díẹ̀ tó láti fi ẹ̀dá, ìran àti ogún kún Prolog. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ìgbéyàwó ti parí, ó ku kí a jẹun.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé káàdì alájọ wá. Ẹ kọ ọ́ sínú Prolog pé 2,000 náírà ni Àdùkẹ́ dá. Lọ́la ó dá 1,000 sí i. Kí ni kí a ṣe sí ọ̀rọ̀ àná? Bí a bá fi í sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa sọ pé 2,000 ni, yóò sì tún máa sọ pé 3,000 ni. Lójíìkì kò mọ àná, kò mọ òní. Ohun tí ó bá ti jẹ́ òtítọ́ nínú rẹ̀, òtítọ́ ni títí ayé. Ẹ̀dá ní tirẹ̀, yíyí padà ni ayé rẹ̀: ọkọ̀ já ẹrù, káàdì gba owó, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́ síbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dìjà nìyí.

Prolog kò ṣàìní ohun ìparẹ́. Ọ̀rọ̀ àṣẹ méjì wà nínú rẹ̀, assert àti retract. Assert ń fi ọ̀rọ̀ kún ohun tí ẹ̀rọ gbà ní òtítọ́, retract sì ń yọ ọ́ kúrò. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ a máa lò wọ́n, wọn a sì máa tijú díẹ̀ bí wọ́n ti ń lò wọ́n. Ìdí ìtìjú náà ni pé bí ẹ̀rọ bá padà sẹ́yìn dé oríta, ó ń gbàgbé gbogbo ohun tí ó rò, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti fi retract pa rẹ́ kò padà mọ́, èyí tí ó sì ti fi assert kọ kò parẹ́. Ẹ wò ó bí alájọ tí ó ti kọ 1,000 sórí káàdì nítorí pé ó rí i tí oníbàárà ki ọwọ́ bọ àpò. Oníbàárà yí ọkàn padà, ó fa ọwọ́ yọ lófìfo, ó bá tirẹ̀ lọ. Iye náà ṣì wà lórí káàdì. Irú àṣìṣe yìí kì í pariwo. Ó di ọjọ́ ìṣirò kí a tó mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré àwọn ọ̀mọ̀wé lásán ni ọ̀rọ̀ àná àti òní yìí. Òfin kan wà ní ilẹ̀ Bìrìtéènì tí ó kan ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin 1981 lórí ẹni tí í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣáájú ọjọ́ náà, ọmọ tí a bá bí síbẹ̀ ti di ọmọ ibẹ̀, bí a bá yọ àwọn díẹ̀ kúrò, bí ọmọ àwọn aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Láti ọjọ́ náà lọ, ó di dandan kí ìyá tàbí bàbá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, tàbí kí ó ti ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke, ní ìgbà tí a bí ọmọ. Ní ti bàbá, òfin ìgbà náà tún ń fẹ́ kí ó jẹ́ ọkọ ìyá ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tí a bí ní oṣù kejìlá ọdún 1982 àti àbúrò tí a bí ní 1984 lè jọ sùn lórí ibùsùn kan, kí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ Bìrìtéènì, kí àbúrò má jẹ́ ẹ. Bí òbí wọn bá sì rí àṣẹ gbà lẹ́yìn náà kí àbúrò tó di àgbà, òfin fún un ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Ohun tí òbí jẹ́ ní ọjọ́ ìbí àti ohun tí ó jẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì, kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Kowalski ti kúrò ní Edinburgh lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Òun, Marek Sergot, Fariba Sadri àti àwọn mẹ́ta mìíràn kó òfin náà sínú Prolog, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1986. Bí wọ́n ṣe yanjú ọ̀rọ̀ àná àti òní ni ó dùn mọ́ mi jù. Wọn kò pa ohunkóhun rẹ́. Wọ́n fi ọjọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà. Wọn kì í kàn kọ ọ́ pé ẹnì kan jẹ́ ọmọ Bìrìtéènì; wọ́n ń kọ ọ́ pé ó jẹ́ ẹ ní ọjọ́ báyìí, bí ohun báyìí báyìí bá jẹ́ òtítọ́ ní ọjọ́ náà. Pé ìyá kò ní àṣẹ ní ọjọ́ ìbí ọmọ, òtítọ́ ni, kò sì sí ọjọ́ iwájú tí yóò sọ ọ́ di irọ́. Ní ọdún kan náà ni Kowalski àti Sergot tún kọ ìwé mìíràn tí ó sọ ọgbọ́n yìí di ìlànà: kí a kọ ìṣẹ̀lẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀rọ fi òfin ṣírò bí nǹkan ṣe rí ní ìgbàkígbà tí a bá béèrè. Alájọ tí ó ń ṣe báyìí kì í kọ àròpọ̀ rárá. Ọjọ́ àti iye tí wọ́n mú wá nìkan ni ó ń kọ, bí ẹ bá sì béèrè ni yóò tó rò ó pọ̀. Kò sí ìparẹ́, kò sí ìjà. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé ń pọ̀ sí i, ìṣirò ń gùn sí i, kò sì sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀ tí ẹ lè ránṣẹ́ sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ wà ní gbangba bí aṣọ tí a sá sóòrùn.

Ibi tí wọ́n ti fi gbogbo agbára wá ẹ̀dá àti òfin pọ̀ ni Jàpáànì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1981, ìjọba Jàpáànì pe àwọn ọ̀mọ̀wé ayé jọ sí Tokyo, wọ́n sì kéde pé àwọn yóò ṣe irú kọ̀ǹpútà karùn-ún, èyí tí yóò máa ronú. Ní 1982 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún un, tí wọ́n ń pè ní ICOT. Kazuhiro Fuchi ni olórí rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún iṣẹ́ náà. Kí ó tó parí, owó tí wọ́n ná sí i lé ní bílíọ̀nù 50 yẹn. Ohun tí ó ya àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́nu ni pé lójíìkì ni Fuchi fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ọgbọ́n Marseille àti Edinburgh. Ẹ̀rù ba ìjọba Bìrìtéènì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn náà dá ètò ìwádìí tiwọn sílẹ̀ ní 1983.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀rọ̀ káàdì alájọ dé bá Fuchi àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí gbogbo èdè inú rẹ̀ yóò jẹ́ ti lójíìkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ojú tí ń fi àwòrán hàn, ọwọ́ tí ń tẹ ìwé, àpótí tí ń pa fáìlì mọ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ń yí padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Takashi Chikayama ni ó ṣe èdè tí wọ́n fi ṣe é, ESP ni orúkọ rẹ̀. Ara Prolog ni ESP, ṣùgbọ́n ó ní ìran, ó ní ogún, ìran kan tilẹ̀ lè jogún láti ọ̀dọ̀ òbí púpọ̀, bí àwa náà ti ń jogún láti ilé bàbá àti ilé ìyá. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan nínú ESP ní àpò tí a lè yí ohun inú rẹ̀ padà. Èdè yìí ni wọ́n fi kọ gbogbo ètò ìṣàkóso ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àpò yíyí padà kì í ṣe lójíìkì. Chikayama mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilé ń jò lé lórí kì í dúró dìgbà tí a bá rí páànù tuntun. Imọ̀ ọ̀pẹ ni yóò kọ́kọ́ fi bò ó. Èmi kò bá a wí.

Ìdáhùn kejì tún jáde láti inú ilé kan náà. Ehud Shapiro, ọ̀mọ̀wé láti ilé-ẹ̀kọ́ Weizmann ní Ísírẹ́lì, wá sí ICOT, òun àti Akikazu Takeuchi sì tẹ ìwé kan jáde ní 1983 lórí bí a ṣe lè ní ẹ̀dá láìyí ohunkóhun padà rárá. Yorùbá nìkan ni mo mọ̀ tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ìrò yìí mu gẹ́lẹ́. Ọba kì í kú. Ọba a máa wàjà. Oyè wà níbẹ̀, ààfin wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí a rán sí ààfin yóò dé ọwọ́ ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́ ní ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá Shapiro àti Takeuchi rí. Káàdì tí ó ní 2,000 gba iṣẹ́ pé kí ó fi 1,000 kún un. Kò pa 2,000 rẹ́. Ó wàjà, ó sì fi ààfin lé àrólé rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tí ó ní 3,000. Iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, àrólé ni yóò jẹ́ ẹ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lójíìkì pátá: òfin kan tí ń sọ pé ẹ̀dá tí ó ní iye báyìí, tí ó gba iṣẹ́ báyìí, a máa di ẹ̀dá tí ó ní iye báyìí.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí ní kíláàsì, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nawọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, Babátúndé ńkọ́? Ṣé bàbá àgbà náà ni, tàbí ẹlòmíràn ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tọ̀nà, mo sì sọ fún un pé Shapiro yóò ní ẹlòmíràn ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi ń pè é kò yí.

Ìdáhùn ààfin yìí ni ó ṣẹ́gun ní ICOT. Ní apá kejì iṣẹ́ náà, wọ́n gbé èdè tuntun kan dìde, KL1, tí ó ti inú iṣẹ́ Kazunori Ueda ní 1985 jáde, wọ́n sì ṣe àwọn ẹ̀rọ tí ọpọlọ púpọ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà ààfin ni ẹ̀dá inú KL1 ń tọ̀. Ó wu ojú. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n san fún un. Àkọ́kọ́, ó ń dá ènìyàn lágara láti kọ: bí ẹ̀dá kan bá ní ohun mẹ́wàá lọ́wọ́ tí ọ̀kan ṣoṣo sì yí padà, a gbọ́dọ̀ ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé àrólé lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà. Ní ilé ìwádìí Xerox, àwọn kan, tí Kenneth Kahn wà lára wọn, tilẹ̀ ṣe èdè tí wọ́n ń pè ní Vulcan ní 1986 nítorí àti dín ìnira yìí kù. Èkejì ni ó dùn mí jù. Ẹ̀dá tí ó ti jẹ́ iṣẹ́ kò lè gba ìdáhùn rẹ̀ padà. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dá bá ń ránṣẹ́ sí ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí bí gbogbo wọn yóò ṣe jọ padà sẹ́yìn dé oríta. Nítorí náà wọ́n yọ pípadà sẹ́yìn kúrò nínú èdè náà. Bí ọ̀nà bá dí, ó dí nìyẹn. Ọdẹ wa kò lè wá ojú ọ̀nà mọ́. Ta ni bàbá àgbà Àkànní, ta ni ọmọ-ọmọ Òjó, òfin kan fún ìbéèrè méjèèjì: adùn tí a torí rẹ̀ fẹ́ Prolog níyàwó ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ní 1992 wọ́n ṣe àpérò ìkẹyìn, ICOT sì fi àwọn ètò tí ó kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iṣẹ́ náà kùnà, nítorí pé ayé kò ra ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ náà le jù lójú mi, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ibẹ̀ kọ́ kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé bí wọ́n ti ń kọ́ ilé wọn, ọjà ti gba ọ̀nà mìíràn lọ. Bjarne Stroustrup ti gbé C++ jáde ní 1985, ọmọ tí Simula bí láìsí lójíìkì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ gbogbo ń lò.

Àwọn tí kò sọ̀rètí nù kò ju díẹ̀ lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Francis McCabe tẹ ìwé kan jáde ní 1992 tí ó sọ pé ká má tilẹ̀ fi yíyí padà ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀dá: kí ẹ̀dá jẹ́ àpò tí a kó gbogbo òtítọ́ nípa nǹkan kan sí, kò tán. Mo gbà pé ó mọ́, ṣùgbọ́n káàdì alájọ kò rí ibi jókòó sí nínú rẹ̀. Michael Kifer, Georg Lausen àti James Wu ní tiwọn kọ ìpìlẹ̀ lójíìkì kan tí ìran àti ogún wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní pípé ní 1995. Àwọn tí ń to ìmọ̀ jọ sínú kọ̀ǹpútà ń lò ó.

Ẹni tí mo fẹ́ fi kásẹ̀ ìtàn yìí ni Paulo Moura, ọmọ ilẹ̀ Pọtogí. Ní 1998 ni ó kọ́kọ́ gbé Logtalk jáde, tí ó sì ń tún un ṣe láti ìgbà náà wá. Moura kò ṣe ẹ̀rọ tuntun, kò sì kọ lójíìkì tuntun. Prolog oríṣiríṣi ti wà káàkiri nígbà náà, wọ́n sì ti fi ọwọ́ sí ìlànà kan fún gbogbo wọn ní 1995. Orí wọn ni ó gbé Logtalk lé, tí ó fi jẹ́ pé Prolog èyíkéyìí tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà náà lè gbé e. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ó kọ́ ilé yí òfin ká. Ẹ̀dá nínú Logtalk jẹ́ agbo ilé òfin: ó ní èyí tí ará ìta lè béèrè, ó ní èyí tí ọmọ ilé nìkan lè béèrè, ó ní èyí tí ó wà nínú ìyẹ̀wù. Ẹ lè fún un ní ìran, ẹ sì lè ṣe ẹ̀dá kan ṣoṣo tí kò ní ìran rárá. Iṣẹ́ tí a rán sí i, ìbéèrè Prolog ni, ìdáhùn rẹ̀ sì lè ju ọ̀kan lọ. Ọdẹ lè padà dé oríta.

Ní ti káàdì alájọ, Moura kò díbọ́n. Assert àti retract wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n a lè ti ohun tí ń yí padà mọ́ inú ìyẹ̀wù ẹ̀dá tí ó ni ín, kí ará ìta má lè fọwọ́ kàn án láìránṣẹ́. Mo ti fi kọ káàdì àjọ kan pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bí oníbàárà bá yí ọkàn padà tí ẹ̀rọ sì padà sẹ́yìn, 1,000 tí a ti kọ ṣì wà lórí káàdì, bí ó ti máa ń wà nínú Prolog látijọ́. Ṣùgbọ́n a mọ ilé tí a ó lọ kàn ní ilẹ̀kùn.